Àpótí Dúdú Tí A So Òwú Mọ́

Phetsamone, ọmọ mi,

Ṣé o ti jẹ ìrẹsì lónìí? Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí onílé yín ní Vientiane pàápàá. Ara mi le, orúnkún nìkan ló ń bá mi ṣe agídí. Kí àwọn ẹ̀mí tó ń ṣọ́ ara rẹ má ṣáko lọ, kí ọ̀gá rẹ má sì fi ojú burúkú wò ọ́. Ìwé ni mo kọ, mi ò pè ọ́, torí bí mo bá pè, o máa ń ní o wà ní ìpàdé, ìwé kò sì mọ ìpàdé. Ẹfọ̀n wa ti bímọ, abo ni.

Ọ̀rọ̀ àpótí dúdú tí o fi rán awakọ̀ bọ́ọ̀sì sí mi ni mo fẹ́ sọ, èyí tí ẹ ń pè ní háàdì díráífù. O ní gbogbo fídíò bàbá rẹ ló wà nínú rẹ̀, àwọn tí o yà kí wọ́n tó kú, nígbà tí wọ́n ń fọn fèrè khene wọn lábẹ́ ilé wa tó dúró lórí òpó. Ọmọ mi, jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ, mo ti ń gbàgbé ohùn wọn. Mo rántí ojú wọn, mo rántí ikọ́ wọn pàápàá, ṣùgbọ́n ohùn yẹn ń sá fún mi, ó sì ń bà mí lẹ́rù. Bí àpótí náà ṣe dé ni mo fi aṣọ wé e, mo gbé e lọ sí ilé ìwé bí ẹni gbé ẹyin.

Tíṣà Khamsing fi okùn so ó mọ́ kọ̀ǹpútà ilé ìwé. Kọ̀ǹpútà ronú títí, ó ní òun kò mọ ẹni yìí rí, ó wá ń béèrè bóyá kí òun fọ́máàtì rẹ̀ kó lè wúlò. Mo ní kí nìyẹn, Tíṣà ní kí ó nu inú rẹ̀ mọ́ ni, torí òun rò pé tuntun ni, òfìfo. Ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó yẹn dùn mọ́ mi, mo mọ bí eruku ojú ọ̀nà wa ṣe rí. Ìka rẹ̀ ti fẹ́ tẹ̀ ẹ́ tán kí n tó rántí pé àlejò ni àpótí yìí. Ta ló ń yẹ àlejò wò nígbà tí a kò tíì pe ẹ̀mí rẹ̀ padà, kí a so òwú funfun mọ́ ọn kó má ṣáko mọ́? Ó ti gbọ̀n nínú bọ́ọ̀sì láti Vientiane, ẹ̀mí rẹ̀ kan lè ṣì jókòó sí ibùdókọ̀. Mo ní kí Tíṣà gbé ọwọ́ kúrò. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Ìyá, irin lásán ni, mo ní bó ti wù kó jẹ́, ó rin ìrìn àjò.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo bọ adìẹ àti ẹyin, mo to òdòdó sínú àwo, àwọn aládùúgbò sì pé. Bàbá Àgbà Khamtanh, tó ń bá abúlé wa pe ẹ̀mí, pe ẹ̀mí àpótí náà, wọ́n ní kó kúrò nínú igbó, kó kúrò ní ibùdókọ̀, kó wá jẹ ẹyin. A so òwú mọ́ ọn títí ó fi funfun. Latsamy, ọmọ àbúrò Ìyá Douang tó ń ṣiṣẹ́ ní Luang Prabang, wá jẹ adìẹ ní tirẹ̀, ó bi mí ohun tí a ń so. Nígbà tí mo ṣàlàyé, títí dé orí fọ́máàtì tí Tíṣà fẹ́ ṣe, itan adìẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ẹ jọ̀ọ́ Ìyá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́máàtì rẹ̀ o, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ló máa lọ. Mo fa àpótí náà mọ́ àyà.

Ó ní kọ̀ǹpútà tìrẹ àti ti Tíṣà kì í ṣe ẹbí kan náà, bí ọ̀kan ṣe ń to ẹrù, èkejì kò mọ̀ ọ́n kà. Láptọ́ọ̀pù Latsamy dà bíi tìrẹ, àwòrán èso tí ẹnìkan ti gé jẹ wà lẹ́yìn rẹ̀, mi ò sì bi í pé ta ló jẹ ẹ́. Ó ní òun máa kó bàbá rẹ sínú láptọ́ọ̀pù òun, òun á tú àpótí náà palẹ̀, òun á tún un tò lọ́nà tí kọ̀ǹpútà méjèèjì mọ̀, òun á sì dá wọn padà. Bí a ṣe tú ilé wa ní pákó-pákó nígbà tí odò ya wọlé nìyẹn, tí a tún un kọ́ sórí òkè. Ó yé mi, síbẹ̀ mo di òpó ilé mú títí ó fi ṣe tán. Mo sì ti so òwú mọ́ láptọ́ọ̀pù náà kó tó bẹ̀rẹ̀.

A padà sí ilé ìwé, kọ̀ǹpútà Tíṣà sì ṣílẹ̀kùn láì jiyàn. Bàbá rẹ fọn khene, gbogbo abúlé tó tẹ̀ lé wa sún mọ́ ọn. Lójijì bàbá rẹ dá fèrè dúró, wọ́n wo ìwọ tó ń ya fídíò, wọ́n ní pe ìyá rẹ o, ìrẹsì rẹ̀ ti ń jóná. Phetsamone, mo ti dìde, mo ti dé ẹnu ọ̀nà, kí n tó mọ̀ pé ilé ìwé ni mo wà. Àwọn ará abúlé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì sunkún. O ṣeun, ọmọ mi. O ṣeun tí o yà á nígbà tí mò ń sọ pé o ń fi àkókò ṣòfò.

Bí owó bá wà lọ́wọ́, fi kip díẹ̀ ránṣẹ́, adìẹ Ìyá Douang wà nínú èyí tí a jẹ. Latsamy tún ní kò dára kí bàbá rẹ máa gbé ojú kan ṣoṣo, nítorí náà ra àpótí kejì. Bí o bá sì wálé, ya èmi náà. Mi ò mọ khene fọn, ṣùgbọ́n ya mí bí mo ṣe ń bá àwọn adìẹ jà, bí mo ṣe ń pè ọ́ wá jẹun. Tọ́jú fídíò náà dáadáa. Kí ó pẹ́, kí ó pẹ́ gan-an, kí o tó nílò rẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Bualay