Ọkọ̀ Aláìlẹ́ńjìnnì Tí O Ní Kí N Gùn Wò

Ọmọ mi, àkọ́bí mi,

Ara mi le, òrùlé kò jò, ìwọ nìkan ni ojú mi ń wá. Mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú ìlera, kí ọ̀gá rẹ máa rẹ́rìn-ín sí ọ níbi iṣẹ́, kí àtẹ̀gùn ilé gíga tí o ń gbé má ṣe jẹ orúnkún rẹ, kí gbogbo ohun tí o bá dáwọ́ lé máa yọrí sí rere. Àmín. Mo mọ̀ pé o ti pè mí lórí fóònù láti bi mí bí ọkọ̀ náà ṣe rí, ṣùgbọ́n fóònù kì í gba ọ̀rọ̀ mi tán, bí mo bá ti ń dé ibi tó dùn ni ohùn rẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í já, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó sídìí tábìlì bàbá rẹ tí mo mú bírò.

Ọ̀rọ̀ ilé kò pọ̀. Aránṣọ ẹ̀gbẹ́ ilé wa ti kun ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní àwọ̀ búlúù, ó ní ó ń fa oníbàárà, ṣùgbọ́n eṣinṣin nìkan ni mo ṣì rí tó ń wọlé. Adìẹ funfun ti ń yé ẹyin sínú bàtà òjò bàbá rẹ tó wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, mi ò sì lè lé e, torí inú mi dùn pé bàtà náà tún rí ẹni tó ń lò ó.

Orogún mi náà ń bẹ níbi tí o fi í sí. O mọ̀ pé orúkọ tí mo sọ ọkọ̀ bàbá rẹ nìyẹn, nítorí pé òun ni bàbá rẹ máa ń kọ́kọ́ kí bí ilẹ̀ bá mọ́, òun ló sì máa ń ra nǹkan fún jù mí lọ. Ó wà lábẹ́ igi lẹ́yìnkùlé, mo fi tapọ́lì bò ó. Kò lè rìn mọ́, jíà rẹ̀ ti lọ, ṣùgbọ́n láràárọ̀ ni mò ń lọ jókòó sínú rẹ̀, mo á yí kọ́kọ́rọ́, yóò wúkọ́, yóò dáhùn, mo á ní mo ti gbọ́, mo á sì pa á. Bàbá rẹ ló máa ń sọ pé ẹ́ńjìnnì tí a kò bá ń jí láràárọ̀ máa ń gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mi ò tíì fọwọ́ kàn lára rẹ̀ ni fèrè. Ìwọ náà á rántí, bí bàbá rẹ bá ti dé orí afárá ni yóò fọn ọ́n, méjì kúkúrú, ọ̀kan gígùn, èmi á sì gbé omi kaná, kó tó wọlé, omi ìwẹ̀ rẹ̀ á ti gbóná. Láti ìgbà tí a ti sin ín, ẹnikẹ́ni kò fọn fèrè yẹn mọ́, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọn ọ́n.

Nítorí náà, nígbà tí o sọ pé àwọn tó ń ta ọkọ̀ tuntun tó ń lo iná mànàmáná yìí máa gba tàtijọ́ mọ́ ọn, pé kí n gun tuntun wò ná kí n tó sọ bóyá mo yọ̀ǹda orogún mi, mi ò ní purọ́ fún ọ, rárá ni mo ti dì sẹ́nu kí ọkọ̀ náà tó dé.

Mi ò tilẹ̀ gbọ́ ìgbà tó dé. Mò ń sá aṣọ sórí okùn ni, bí mo ṣe yíjú padà báyìí, ọkọ̀ funfun kan ló dúró lẹ́yìn mi bí ọmọdé tó fẹ́ dẹ́rù bani. Ọmọbìnrin kan tó wọ gíláàsì ojú bọ́ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, ó ní òun ni ilé iṣẹ́ ọkọ̀ rán wá. Mo ní kí ó pẹ̀lẹ́, pé èèyàn mélòó ló bá a ti ọkọ̀ náà dé ibí, kí n bu omi fún wọn. Ó ní kò sẹ́ni tó tì í, pé òun wà á wá ni. Mo wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń purọ́, ṣùgbọ́n ojú ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ló ní.

Ìyàwó awakọ̀ ni mí, mi kì í wọ ọkọ̀ tí mi ò bá tíì wo iwájú rẹ̀. Mo pọn omi sínú kẹ́ẹ̀gì, mo ní kí Onígíláàsì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí n fún rédíétọ̀ lómi. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ṣí i. Ọmọ mi, kò sí ẹ́ńjìnnì níbẹ̀! Kò sí bẹ́líìtì, kò sí rédíétọ̀, kò sí nǹkan kan, àpótí òfìfo ni, ó mọ́ bí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Igbe ni mo fi bọnu, mo ní wọ́n ti jí ẹ́ńjìnnì ọmọ mi lójú ọ̀nà o. Aránṣọ sáré jáde tòun ti okùn ìwọ̀n lọ́rùn. Gíríìsì, mẹkáníìkì ọ̀rẹ́ bàbá rẹ, gbé sípánà wá láti òdìkejì títì, kí ó tó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ ó ti dúró gbọn-in síwájú ọkọ̀, ó ní òun kò ní kúrò níbẹ̀ títí ẹ́ńjìnnì ìyàwó ọ̀rẹ́ òun yóò fi padà. Ó bi ọmọ ọlọ́mọ pé ibo ló ti dúró jẹun lọ́nà, ta ló bá a ṣọ́ ọkọ̀, ṣé kò mọ̀ pé àwọn olè ayé ìsinsìnyí lè yọ eyín lẹ́nu ẹni tó ń rẹ́rìn-ín ni. Aránṣọ ní òun ti fura tẹ́lẹ̀, pé ọkọ̀ tí kò pariwo, nǹkan ń ṣe é.

Onígíláàsì ń bẹ̀ wá pé kí a jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun ṣàlàyé. Ó ní bí wọ́n ṣe ṣe é láti ilé iṣẹ́ nìyẹn, pé bátìrì ló tẹ́ sí abẹ́ rẹ̀ pẹrẹsẹ, pé mọ́tò kékeré kan ló ń yí táyà, àti pé àpótí iwájú yẹn, ibi ẹrù ni. Gíríìsì kò gbà, ó wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, kò sí òróró kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó sórí táyà ògbólógbòó, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ní ọkọ̀ tí kò lẹ́jẹ̀ lára, kí wá ni iṣẹ́ òun láyé báyìí.

Onígíláàsì ní ọkọ̀ náà ti rìn jìnnà, kí a fún un níná díẹ̀. Ó fa wáyà gba ojú fèrèsé yàrá mi wọlé, ó fi bọ ojú iná ara ògiri. Àlejò ni ọkọ̀ náà, mo sì mọ bí a ti ń ṣe àlejò, mo pa gbogbo gílóòbù ilé, mo pa fáànù, mo pa rédíò, mo lọ bẹ Aránṣọ pé kí ó gbé áyọ́ọ̀nù rẹ̀ sílẹ̀ kí ọkọ̀ lè rí jẹ yó. Aránṣọ bi mí bóyá kí òun náà má mí mọ́. Ọkọ̀ yẹn kò sì kánjú o, ó kàn ń ṣẹ́jú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ìkókó tó ń mu ọmú.

Nígbà tó yó, Onígíláàsì fi fóònù ṣílẹ̀kùn rẹ̀. Ìyẹn wù mí púpọ̀. Mo yọ fóònù tèmi, mo nà án sí orogún mi lábẹ́ igi, kò dá mi lóhùn. Bóyá owó orí fóònù mi ló ti tán, bá mi wò ó.

Onígíláàsì ní kí n wà á fúnra mi, mo sì jókòó sídìí sítíárìn. Bí mo ṣe fẹ́ fi ẹ̀yìn rìn jáde, tẹlifíṣọ̀n tó wà níwájú mi tàn, ẹ̀yìnkùlé wa ni wọ́n ń fi hàn! Mo rí okùn aṣọ mi, mo rí Aránṣọ tó ń juwọ́, mo sì rí orogún mi lábẹ́ tapọ́lì rẹ̀, lórí tẹlifíṣọ̀n, bí èèyàn pàtàkì. Mo ní ká ní bàbá rẹ wà láyé, gbogbo àdúgbò ni ì bá pè wá wò ó.

Obìnrin kan tún ń sọ̀rọ̀ láti inú ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n mi ò rí i. Ó ní kí n yà sí ọ̀tún. Mo kí i, mo béèrè àwọn ará ilé rẹ̀, kò dáhùn, ó tún ní kí n yà sí ọ̀tún. Mo ní ọmọ yìí, wọ́n ti gbẹ́ gọ́tà sí ọ̀nà yẹn, ó ní kí n yí padà. Onígíláàsì ní ẹ̀rọ lásán ni, mo ní ẹ̀rọ tó mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, ó yẹ kó mọ ìkíni. Ṣùgbọ́n mo ti dárí jì í, torí pé gbogbo bí mo ṣe ṣàìgbọràn sí i tó, kò jágbe mọ́ mi lẹ́ẹ̀kan. Bàbá rẹ tó kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà kò ní irú sùúrù yẹn.

A kọjá orí afárá, a dé ẹsẹ̀ òkè. Mo dúró, mo bọ́ sílẹ̀, mo bọ́ bàtà, mo mú igi tí a fi ń dí táyà tí mo ti gbé dání láti ilé. Onígíláàsì bi mí pé kí ni mo fẹ́ ṣe. Mo ní kí ó bọ́ sí ìdí sítíárìn kí n máa tì í, bí mo bá ní ó tó, kí ó tẹ bíréèkì kí n fi igi dí táyà, a ó sì sinmi, bí èmi àti bàbá rẹ ṣe ń gun òkè yẹn láti ìgbà tí a ti fẹ́ra wa nìyẹn. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó gba igi lọ́wọ́ mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní Mọ́mì, ẹ wọlé kí ẹ kàn tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Háà! Òkè yẹn tẹ́ mọ́ wa lábẹ́ ni o. Kò kérora, kò rú èéfín, kò gbóná, kí n tó pe orúkọ Ọlọ́run tán a ti dé orí rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí ìgbànú mi fi tú.

Mo pa á lórí òkè, mo sì gbọ́ omi tó ń ṣàn lábẹ́ afárá. Gbogbo ọdún tí èmi àti bàbá rẹ fi ń gba ibẹ̀, mi ò mọ̀ pé odò yẹn ń dún. Ariwo la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ wa, mo á ní ṣé ẹ gbọ́, yóò ní kí ni mo wí, bí a bá fi máa délé, a ti gbàgbé ohun tí a fẹ́ sọ. Mo rò ó pé ká ní irú èyí la ní ni, ọ̀pọ̀ nǹkan tó wà nínú mi ni bàbá rẹ ì bá ti gbọ́. Mo sọ díẹ̀ fún un níbẹ̀. Onígíláàsì kọjú sí fèrèsé tirẹ̀, ó mọ̀ pé òun kọ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Omi bọ́ lójú mi díẹ̀, má ṣèyọnu, ayọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Bí a ṣe ń padà bọ̀ ni mo rí Gíríìsì tó ń rìn lọ létí títì. Mo rọra dé ẹ̀yìn rẹ̀ kí n kí i. Kò gbọ́ wa. Nígbà tó rí wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, inú gọ́tà ló bá ara rẹ̀, ó dìde, ó ní ìyàwó wa, ọkọ̀ yìí kò yàtọ̀ sí olè. Mo tẹ fèrè rẹ̀ láti fi tọrọ gáfárà, ó dún pín-ín bí ẹyẹ tí ara rẹ̀ kò yá. Ẹ̀rín mi dá wàì. Mo rò ó pé bí ọkọ̀ kò bá dún, báwo ni ẹni tó wà nílé yóò ṣe mọ̀ pé ènìyàn òun ń bọ̀?

Bí a ṣe délé, mo sọ ohun tí mo fẹ́. Mo ní níwọ̀n ìgbà tí àpótí òfìfo wà níwájú ọkọ̀ tuntun, tí orogún mi sì ní ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n gbé e síbẹ̀, kò dìgbà tó bá ṣiṣẹ́, kó kàn máa bá wa lọ. Gíríìsì gba okùn ìwọ̀n lọ́rùn Aránṣọ, ó wọn ẹ́ńjìnnì, ó wọn àpótí, ó ní ó máa wọ̀ ọ́ bí a bá gé apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Onígíláàsì ní bí a bá gbé e síbẹ̀, imú ọkọ̀ á máa họ ilẹ̀, ilé iṣẹ́ kò sì ní gbà. Ìgbà náà ni Gíríìsì wọ abẹ́ tapọ́lì lọ, ó tú fèrè ọkọ̀ bàbá rẹ, kò bi mí. Ó fi wáyà so ó mọ́ bátìrì, ó fọn ọ́n, méjì kúkúrú, ọ̀kan gígùn.

Ọmọ mi, nígbà tí mo máa fi mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti wà ní ilé ìdáná, mo ti gbé omi kaná. Mo dúró tì í. Nígbà tí mo jáde, gbogbo wọn ń wo ilẹ̀, Onígíláàsì ti bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó ń nù ún. Mo ní kí wọ́n gbójú sókè, omi kì í ṣe òfò, kí Gíríìsì lọ wẹ̀, torí pé ó ti pẹ́ tí ara rẹ̀ ti ń tọrọ rẹ̀. Ẹ̀rín pa wá. Ó sì wẹ̀ lóòótọ́.

Nítorí náà, mo yọ̀ǹda. Kí wọ́n wá gbé orogún mi, ó ti sìn wá tó, ṣùgbọ́n fèrè rẹ̀ kò bá wọn lọ. Onígíláàsì ní òun á jẹ́ kí Gíríìsì so ó mọ́ inú àpótí iwájú. Bá wọn ná ọjà náà dáadáa o, má jẹ́ kí wọ́n gba owó odidi ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ, ṣebí o mọ̀ pé kò lẹ́ńjìnnì. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún iṣẹ́ ọwọ́ Gíríìsì, àti fún wáyà gígùn, àti fún owó iná, torí mi ò mọ bí ọkọ̀ yìí ṣe ń jẹun tó bí ó bá ti mọ̀ wá lójú.

Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Ọmọ tìrẹ náà á ṣe ọ́ lóore bí o ti ṣe mí yìí, ojú kò ní pọ́n ọ, ọwọ́ rẹ kò ní ṣófo.

Ẹ̀bẹ̀ kan ló kù. Má fi ọkọ̀ náà rán ẹnikẹ́ni. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o wà á wá sílé, láti ìgbà ìsìnkú ni mi ò ti rí ojú rẹ. Bí o bá sì ti dé orí afárá, méjì kúkúrú, ọ̀kan gígùn. Omi á ti gbóná.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.