Kò Sí Ìjà Nílé Káfíńtà

Ilé wa,
Òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, Ìyá Oníbéèrè,

Mo kí ọ o. Ṣé ara le? Ṣé àwọn ọmọ ń jẹun dáadáa, ṣé èyí tó kéré jù ti bọ́ lọ́wọ́ ikọ́? Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìwé yìí bá gbogbo yín lórí ìdúró. Ara tèmi ò burú, àfi orúnkún tó máa ń yọ mí lẹ́nu bí òjò bá ti ṣú. O mọ̀ pé èmi ọmọ àgbẹ̀ ò kàwé, ìyá olóògùn tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní kọ̀rọ̀ títì ló ń bá mi kọ ọ́. Ó ní kí n máa sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, pé ọwọ́ òun kì í ṣe ẹ̀rọ. Mo ní ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má bá mi tún un ṣe. A ti jà lórí ìyẹn kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ pè ọ́ lórí fóònù. Ọkọ rẹ ló gbé e, ó ní ọwọ́ rẹ dí. Mo tún pè lọ́jọ́ kejì, òun náà ló gbé e, ohun kan náà ló sọ. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé fi rán ẹnikẹ́ni, ìdí nìyí tí mo fi bẹ awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà ọ̀dọ̀ yín pé kó mú ìwé yìí wá sí ọ́fíìsì rẹ, kó fi lé ọ lọ́wọ́.

Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi. O mọ̀ pé n kì í sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ejò wọlé wa, tí gbogbo yín sá jáde, èmi ni mo jókòó tì í títí ó fi bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀sán gangan ni mo ń tìlẹ̀kùn mọ́rí. Bí mo bá gbọ́ ìró bàtà níta, mo á tún lọ wò ó bóyá ó tì dáadáa.

Àbúrò rẹ ni. Ó wá bá mi fọ aṣọ bó ṣe máa ń ṣe, mo wá rí i pé ọwọ́ òsì nìkan ló fi ń sá aṣọ sórí okùn. Eyín ló fi di etí aṣọ mú kí ọwọ́ kan yẹn lè na ìyókù. Mo bi í pé kí ló ṣe ọwọ́ ọ̀tún, ó ní kò sí nǹkan. Mo ní ṣé ó ṣubú ni, ó ní rárá. Mo wá bi í tààrà pé ṣé òun àti ọkọ rẹ̀ jà ni. Ó wò mí bí ẹni tó gbọ́ ìsọkúsọ. Ó ní, "Ìjà kẹ̀, Bàbá? Mi ò bá wọn jà rí. Wọ́n kàn bá mi wí ni."

Mo ká aṣọ kúrò léjìká rẹ̀. N kò ní sọ gbogbo ohun tí mo rí, torí ìyá olóògùn ti ń nu ojú, omi á ba ìwé jẹ́. Igi tí káfíńtà ọkọ rẹ̀ fi ń wọn pákó ló fi bá a wí. Àwọn ìlà tó wà lára igi náà hàn lára ọmọ mi.

Ìgbà yẹn ni mo rántí ọjọ́ tí ìwọ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ wá wò ó bóyá ẹ̀kọ́ tí ẹ ń kọ́ àwọn ọkùnrin àdúgbò wa, pé kí wọ́n yé lu ìyàwó wọn, ti wọ̀ wọ́n létí. Àwọn obìnrin jókòó nínú gbọ̀ngàn, àwọn ọkọ wọn dúró lẹ́bàá fèrèsé. O bi wọ́n pé, "Ṣé ìjà ṣì wà láàárín ẹ̀yin àti ọkọ yín?" Gbogbo wọn ní kò sí. Wọn ò purọ́ fún ọ. Ìjà ni kí ẹni méjì gbéná wojú ara wọn. Bí ẹnì kan bá ń lù, tí ẹnì kejì káwọ́ bo orí, wọn kì í pe ìyẹn ní ìjà níbí, ìbáwí ni wọ́n ń pè é. Ẹ bi èmi náà tí mo jẹ́ aládùúgbò, pé ṣé mo ń gbọ́ ìjà nílé káfíńtà. Mo ní ilé yẹn tòrò bí omi inú ìkòkò. Àwọn èèyàn rẹ pàtẹ́wọ́ fún mi. Pàtẹ́wọ́ yẹn ń dún létí mi títí di báyìí.

Ẹ wá fún káfíńtà ní ṣẹ́ẹ̀tì, ẹ ní ọkọ àwòkọ́ṣe ni, o sì ya fótò rẹ̀. Ẹ̀kọ́ yín wọ̀ ọ́ létí lóòótọ́, ọmọ mi, kò pariwo mọ́. O rántí pé tẹ́lẹ̀, tí inú bá ń bí i, gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́, a ó sì sáré lọ bẹ̀ ẹ́. Àbúrò rẹ ní ní báyìí, yóò kọ́kọ́ pa fèrèsé dé. Yóò sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Yóò ní kó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kó má baà fọ́.

Mo mú un lọ sí yàrá tí ẹ ṣe sẹ́yìn ọ́fíìsì yín tó wà níbí fún àwọn obìnrin, èyí tí wọ́n ń ti ìdábùú rẹ̀ láti inú. Ìyá tó ń tọ́jú ibẹ̀ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ó sọ fún mi níkọ̀kọ̀ pé wọ́n máa ti yàrá náà pa níparí oṣù, torí ẹ ti rí i pé àlàáfíà ti dé, àwọn tó ń gbé owó sílẹ̀ sì fẹ́ gbé e lọ síbòmíràn. Níbo ni kó wá lọ? Ògiri kan náà ló wà láàárín ilé mi àti ilé ọkọ rẹ̀.

Òwúrọ̀ gbogbo ni káfíńtà ń wá, tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì yín lọ́rùn. Kò bínú. Ì bá sàn kó bínú. Ó kan àpótí kékeré kan wá fún mi, ó ní kí n máa gbé orúnkún mi lé e. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, mi ò bá a jà rí, ẹ bi í. Àǹtí fúnra wọn ló kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilé mi tòrò." Àpótí náà wà lẹ́nu ọ̀nà, n kò fẹsẹ̀ kàn án.

Nítorí náà, padà wá kí o tó gbé àkọsílẹ̀ ìbéèrè yẹn fún àwọn ọ̀gá rẹ. Má ṣe dárúkọ ìjà. Mú àwọn obìnrin lọ́kọ̀ọ̀kan, níbi tí kò ti sí ọkùnrin lójú fèrèsé, kí o ní, "Tí wọ́n bá ń bá ọ wí, kí ni wọ́n fi ń bá ọ wí?" Ìyá olóògùn ti dán an wò lára àwọn tó ń wá ra oògùn ìpara lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọ̀kan ní ìgbànú ni. Ọ̀kan ní okùn iná ni, ó sì sọ ọ́ bí ẹni ń dárúkọ ọjà tó fẹ́ rà.

N kò ní iṣẹ́ yín ò wúlò. Mo ti máa ń sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ pè mí sípàdé títí, mo kọ̀. Ṣùgbọ́n ìdábùú ilẹ̀kùn yẹn, iṣẹ́ yín ni, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ni ọmọ mi wà bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ àlọ rẹ, kó ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Ilẹ̀kùn tí o bá tì kò ní ṣí fún aburú. Ibi tí o bá ti ń sùn, ibẹ̀ ni ọkàn rẹ yóò ti balẹ̀. Mo kí àwọn ọmọ.

Èmi ni bàbá rẹ, olóríkunkun.

Àfikún: Ìyá olóògùn ka ìwé yìí fún àbúrò rẹ nínú yàrá yẹn. Ó gbọ́ ọ tán, gbólóhùn kan péré ló sọ. Ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi bi ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ọkọ wọn náà máa ń bá wọn wí?" Mo rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín. Ìyá olóògùn kàn ṣí ìwé padà síbi tí mo ti sọ̀rọ̀ fóònù. Ọmọ mi, má fi èsì rán ẹnikẹ́ni, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ sọ ọ́ lórí fóònù. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o wá. Kó àwọn ọmọ dání. Ìyá tó ń tọ́jú yàrá náà ní bẹ́ẹ̀dì kejì ṣì ṣófo.