Nọ́ńbà Ara Páìpù Tí Wọ́n Kà Sí Nọ́ńbà Ẹ́ńjìnnì

Ojúlé S3/218,
Pópó Yemọja,
Ìbàdàn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kọkànlá, ọdún 1994.

Sí Alága,
Ìgbìmọ̀ Agbọ́ràn lórí Àyẹ̀wò Ọkọ̀,
Ẹkùn Àárín Ìlú,
Máàpó, Ìbàdàn.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ KÍ Ẹ YỌ PIJÓ 505 WA KÚRÒ NÍNÚ ÀWỌN ỌKỌ̀ TÍ WỌ́N FẸ́ TÀ NÍ GBÀǸJO

1. Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù yìí, àwọn òṣìṣẹ́ yín lẹ ìwé kan mọ́ ara ògiri ọgbà tí ẹ ń kó ọkọ̀ sí. Ọkọ̀ wa ni ó wà ní ipò kẹsàn-án lórí ìwé náà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀, àti pé ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, ni wọn yóò tà á. Ẹ́ńjìnnì tí ó bá ọkọ̀ náà jáde láti ilé-iṣẹ́ ni ó ṣì wà nínú rẹ̀. Nọ́ńbà tí olùyẹ̀wò yín kọ sílẹ̀ kì í ṣe nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì rárá. Nọ́ńbà páìpù ni. Mo kọ̀wé yìí láti ṣàlàyé bí páìpù ṣe wá ní nọ́ńbà.

2. Ọkọ mi, Ọ̀gbẹ́ni Gabriel Adéṣíyan, ni ó ni ọkọ̀ náà. Ó rà á ní tuntun ní ọdún 1984, nítorí tọ́bò tó wà nínú rẹ̀. Tọ́bò ni ẹ̀rọ kékeré tí èéfín ẹ́ńjìnnì ń yí, tí òun náà sì ń fi agbára ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì kí ọkọ̀ lè sáré. Bí ó bá ń yí, ó máa ń súfèé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọkọ mi fi ọkọ̀ náà díje ní ojú ọ̀nà Ìwó. Ní ọdún 1990, àìsàn ojú gba ìríran rẹ̀ pátápátá. Láti ìgbà náà, èmi ni mo ń wa ọkọ̀.

3. Mo bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ ka ìpínrọ̀ yìí, nítorí ibẹ̀ ni ìdí ọ̀rọ̀ wà. Ní àárọ̀ Àbámẹ́ta, kí oòrùn tó gbóná, èmi àti ọkọ mi máa ń jáde. Yóò jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, yóò yí gíláàsì sílẹ̀, yóò sì máa sọ ibi tí a dé fún mi. Bí a bá ń gun òkè Máàpó, ohùn tọ́bò á máa ga díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń fa okùn gígùn jáde láti inú kànga. Ní Bẹyẹrúnkà, ògiri ilé sún mọ́ títì. Ohùn náà á lọ, á sì tètè padà. Ní Ọjà'ba, aṣọ tí wọ́n ta bo àtẹ á gbé e mì, kò ní padà rárá. Ní àárọ̀ ọyẹ́, nígbà tí kùrukùru bá bo àwọn òrùlé páànù títí dé ìsàlẹ̀ Kúdẹtì, tí gbogbo ìlú dà bí ohun tí a lá ní àlá, èmi tí mo ní ojú kì í ríran ju ìwọ̀n ilé mẹ́ta lọ. Òun ni yóò sọ pé: "Yà sí ọ̀tún, Ìyá Yẹmí, a ti dé ìdí mọ́ṣáláṣí." A ó sì ti dé ibẹ̀ lóòótọ́. Mo kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìtàn fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, n kì í kọ ohun tí n kò yẹ̀ wò. Mo yẹ èyí wò: mo yí ọ̀nà padà láìsọ fún un, ó sì mọ̀.

4. Ní oṣù kẹta ọdún 1993, tọ́bò náà gbó. Ó ń jẹ ọ́ìlì, ó ń rú èéfín, níkẹyìn kò súfèé mọ́. A ṣì jáde ní Àbámẹ́ta méjì lẹ́yìn náà. Ní èkejì, a ti ń gun Máàpó nígbà tí ọkọ mi bi mí pé kí ló dé tí a kò tíì kúrò nílé. Kò bá mi jáde mọ́ fún oṣù méjìdínlógún.

5. Gàfárù, mẹkáníìkì wa ní Bẹyẹrúnkà, kò rí irú tọ́bò náà mọ́ níbikíbi. Èyí tí ó rí tóbi ju ti àtijọ́ lọ. Ó ṣàlàyé fún mi pé tọ́bò ńlá máa ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀, afẹ́fẹ́ tí a bá sì fún pọ̀ báyìí máa ń gbóná. Bí ó bá wọ inú ẹ́ńjìnnì ní gbígbóná, yóò ba písítìn, irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì, jẹ́. Nítorí náà ni a ṣe fi ìntakúlà sí i. Ìntakúlà rí bí rédíétọ̀: afẹ́fẹ́ tọ́bò á gba inú rẹ̀ kọjá, atẹ́gùn iwájú ọkọ̀ á sì mú un tutù kí ó tó dé ẹ́ńjìnnì. A yọ ọ̀kan lára ọkọ̀ akẹ́rù tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹnu rẹ̀ kò bá ti tọ́bò mu, kò sì sí páìpù lọ́jà tí ó tẹ̀ bí a ti fẹ́.

6. A gbé iṣẹ́ náà tọ Sàláúdéènì lọ ní Kúdẹtì. Àwọn ará ilé rẹ̀ ni wọ́n ń yọ́ alumíníọ̀mù, tí wọ́n ń dà á sínú yanrìn láti fi ṣe ìkòkò ìdáná. Ó yọ́ àwọn písítìn àtijọ́, ó fi ṣe páìpù kan tí ó ń dán, tí ó sì tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́ ẹni tó sùn. Ẹ̀yin Ọ̀gá, àṣà kan wà ní ilé náà láti ayé bàbá rẹ̀. Kò sí ohun tí yóò jáde láti inú yanrìn wọn, ìkòkò ni o, ọmọrí ni o, tí wọn kò ní tẹ àmì ilé àti nọ́ńbà sí lára, kí ẹni tó rà á lè mú un padà bí ó bá ń jò. Wọn kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ ònkà náà lákọ̀tun rí. KD ni àmì wọn. Páìpù wa bọ́ sí 40716. Mo sọ fún un pé a kò nílò nọ́ńbà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní: "Màmá, èyí tí n kò bá tẹ nọ́ńbà sí, èmi kọ́ ni mo ṣe é o."

7. Ní Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹwàá, a jáde. Ohùn tọ́bò tuntun wúwo ju ti àtijọ́ lọ, ó sì máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dé. Ọkọ mi tẹ́tí sí i títí a fi gun Máàpó dé òkè. Níbẹ̀, ó ní kí n pa ẹ́ńjìnnì. Ó wá ní: "Ìyá Yẹmí, ìlú yìí ti fẹ̀ sí i."

8. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kan náà, olùyẹ̀wò yín, Ọ̀gbẹ́ni Táíwò, dá wa dúró ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Páìpù ni ó kọ́kọ́ rí, nítorí òun ló wà lókè, tí ó sì ń dán. Ó ka KD 40716. Ó wo ìwé ọkọ̀, ó bá 2751846 níbẹ̀. Ó ní: "Màmá, ẹ má bínú, ẹ́ńjìnnì jíjí ni wọ́n tà fún yín." Gàfárù, tó wà pẹ̀lú wa lọ́jọ́ náà, dá a lóhùn pé: "Ọ̀gá, nọ́ńbà ìkòkò lẹ kà yẹn o! Ẹ wá ọbẹ̀ sí i!" Àwọn tó dúró nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Mo gbà pé ẹ̀rín náà kò ràn wá lọ́wọ́. Ọ̀gbẹ́ni Táíwò pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, ó sì ní kí wọ́n fa ọkọ̀ lọ.

9. Mo jẹ́wọ́ pé n kò fi tó ọ́fíìsì yín létí kí a tó pààrọ̀ tọ́bò. Bí òfin bá ní ìyà fún èyí, mo ṣetán láti gbà á. Ṣùgbọ́n kì í ṣe olè jíjà, kì í sì í ṣe òun ni wọ́n kọ sórí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri.

10. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ dá títà ọkọ̀ náà dúró. Kí ẹ rán ẹnìkan láti nu ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, kí ó sì ka nọ́ńbà rẹ̀ gan-an. Kí ẹ sì jẹ́ kí Sàláúdéènì fara hàn níwájú yín. Ìkòkò 40715 ṣì wà lórí àtẹ rẹ̀. Ìkòkò 40717 wà lọ́wọ́ Ìyáàfin Ràbíátù ní Òkè-Àdó, ẹni tí ó ti gbà láti gbé e wá, bí ẹ bá lè mú un sí ọjọ́ tí kò ní fi se oúnjẹ.

11. Ọkọ mi ti pé ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta. Bí wọ́n bá ta ọkọ̀ yìí, Gàfárù kò mọ ibi tí a ó ti rí tọ́bò mìíràn, ọkọ mi kò sì ní ọ̀nà mìíràn tí ó fi lè rí ìlú rẹ̀.

12. Ẹ̀bẹ̀ mi kejì, pé kí ẹ nu ẹ́ńjìnnì, ti bẹ̀rẹ̀ láìtíì parí. Ní àná, akọ̀wé yín, Ọ̀gbẹ́ni Japheth, ṣàánú wa. Ó mú aṣọ àti kẹrosíìnì, ó na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, níbi tí ọ́ìlì ọdún mẹ́wàá ti dì. Nọ́ńbà mẹ́ta àkọ́kọ́ hàn: 275, bí ó ti wà nínú ìwé ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pè é sí iṣẹ́ mìíràn. Mẹ́rin tó kù ṣì wà lábẹ́ ọ́ìlì, títí mo fi kọ ìlà yìí, kò sì tíì sí ẹni tó kà wọ́n.

Ẹ ṣeun tí ẹ fi sùúrù kà á.

Èmi ni tiyín, tí ń retí èsì,

Mojísọ́lá Adéṣíyan (Ìyáàfin),
Olùkọ́ ìtàn tí ó ti fẹ̀yìn tì.