Bọ̀ọ̀dá Mubaraq Gba Òmìnira

Ilé Baba Abdulkareem,
Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́,
Ọ̀yọ́.
14 Jánúárì, 1989.

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù àlékúmù. Mo kí yín, mo kí Bàbá mi, mo sì kí gbogbo ará ilé. Ẹ kú ọyẹ́ yìí o. Mo gbà á ládùúà pé kí lẹ́tà yìí bá yín lórí ìdúró, kì í ṣe lórí ìdùbúlẹ̀. Ara tèmi náà le, àfi ètè mi tí ọyẹ́ ti là. Bí ẹ bá rí i pé ọwọ́ ìkọ̀wé mi rí wúruwùru, ayọ̀ ló fà á.

Mo sọ̀rọ̀ ní kíláàsì. Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí, ẹ̀yìn ni mo máa ń jókòó sí, torí ó ń ṣe mí bíi pé àṣìṣe ni wọ́n fi mú mi. Lọ́jọ́ Ajé, Ọ̀gbẹ́ni Jayéọlá, olùkọ́ wa nínú ẹ̀kọ́ ètò ọrọ̀ ajé, kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, "exploitation", sójú pátákó, ó ní ojú méjì ló ní. Ojú rere ni kí ènìyàn lo ohun tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ débi pé kò ní ṣòfò. Ojú burúkú ni kí ènìyàn máa jẹ èrè òógùn ẹlòmíràn, kí ẹni tó làágùn má rí nǹkan kan mú lọ. Ó ní ta ló lè fún òun ní àpẹẹrẹ ojú rere. N kò mọ ìgbà tí mo nawọ́ sókè.

Baba Abdulkareem tó fún mi ní yàrá lọ́fẹ̀ẹ́ ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ. Mo ní oníṣẹ́ awọ ni. Bó bá gé àpò tán, ajẹkù yóò di okùn bàtà, èyí tó kù lára okùn bàtà yóò di ohun tí wọ́n ń so kọ́kọ́rọ́ mọ́, èérún rẹ̀ yóò sì wọ inú tìmùtìmù. Ìyá mi, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ọmọ yín.

Kò sí ìrọ̀lẹ́ tí Baba kì í bi mí pé, "Akọ̀wé, kí lẹ kọ́ lónìí?" Nígbà tí mo ròyìn fún un, ó pe àwọn ará ilé kejì kí wọ́n wá gbọ́ pé kọ́lẹ́ẹ̀jì ti mọ òun. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Raliat, ní kí n rọra o, kí orí Baba má wú débi tí fìlà yóò kéré fún un.

Baba wá bèèrè ojú kejì. Ẹ̀rù bà mí, nítorí Bọ̀ọ̀dá Mubaraq jókòó síbẹ̀, ó ń rán àpò. Ọmọ àdúgbò Ọjà Igbó nílùú wa ni. Ọdún ìkọ́ṣẹ́ tí wọ́n fi ṣe àdéhùn ti pé láti ọdún méjì sẹ́yìn, irùngbọ̀n ti kún àgbọ̀n rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mọ́ lórí iṣẹ́ débi pé Baba kò fẹ́ tú u sílẹ̀. Bí ọ̀gá kò bá sì tíì gbàdúrà òmìnira fún ọmọṣẹ́, kò gbọ́dọ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù, ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ kò sì ní ta awọ fún un. Àwọn òbí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ti ní bí ọyẹ́ yìí bá fi lọ tí kò gba òmìnira, ẹlòmíràn ni àwọn yóò fi ọmọ àwọn fún.

Mo fi àpẹẹrẹ olùkọ́ wa bojú: mo sọ bí àwọn òyìnbó ṣe kó àwọn ènìyàn ṣiṣẹ́ nínú kòtò kùsà. Baba rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mubaraq, ṣé o gbọ́ ìwà òyìnbó?"

Bọ̀ọ̀dá Mubaraq kò gbójú sókè. Ó ní, "Mo gbọ́, Baba."

"Mo gbọ́" yẹn kò jẹ́ kí n lè dákẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Baba, ẹ forí jì mí. Ìgbà wo ni Bọ̀ọ̀dá Mubaraq yóò gba òmìnira?"

Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ Bọ̀ọ̀dá Mubaraq. Baba bi mí pé ta ló rán mi. Mo ní kò sẹ́ni tó rán mi. Ó dìde, ó wọlé lọ. Mo di ẹrù mi, mo sì gbé e sẹ́nu ọ̀nà. Láti ọjọ́ náà kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n Ìyá Raliat ń bu oúnjẹ fún mi, ó ní ìjà kò dé inú ìkòkò.

Lánàá, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Baba mú àwọn àgbà ẹgbẹ́ wálé. Ó ní kí Bọ̀ọ̀dá Mubaraq jókòó lórí ẹní, ó fi ọ̀bẹ awọ tirẹ̀ gan-an lé e lọ́wọ́, ó sì gbàdúrà fún un títí ohùn rẹ̀ fi há. Ó ní, "N kì í jẹ́ kí èérún awọ ṣòfò, mo wá ń fi ọjọ́ ọmọ ọlọ́mọ ṣòfò." Ó yíjú sí mi. "Ìwọ akọ̀wé, ta ló ní kí o di ẹrù? Gbé e wọlé."

Ìyá mi, ẹni tó fi lẹ́tà yìí lé yín lọ́wọ́, Bọ̀ọ̀dá Mubaraq náà ni. Ẹ fún un lómi. Ẹ bá mi bẹ Bàbá mi kí wọ́n bá a wá àyè ṣọ́ọ̀bù ní Takie nílùú wa níbẹ̀, kí wọ́n sì tẹ̀ lé e lọ sílé àwọn àna rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Ẹ kò ní fi ojú sunkún ọmọ. Gbogbo ohun tí ẹ ti làágùn lé lórí, ẹ̀yin náà ni yóò jèrè rẹ̀, àmín.

Èmi ni ọmọ yín tó fẹ́ràn yín,
Mashood.

Àfikún: Mo mọ̀ pé àwọn bàtà yín tó ti já ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sì mọ̀ pé Bọ̀ọ̀dá Mubaraq kò ní lè kọ̀ fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sanwó fún un.