Ọkọ̀ Oníjókòó Méjì Tí O Ní Kí N Bá Ọ Yàn

Akínyẹlé,
Ọjọ́ Jímọ̀.

Abdulhafeez, Àdìgún ọmọ mi,

Àsàlámù àléékùm. Ṣé dáadáa lo wà ní Bódìjà? Ṣé iná ń dé síbi tí ẹ wà, ṣé omi ń yọ, ṣé o ń jẹun kí o tó lọ síbi iṣẹ́ àbí tíì lásán lo ṣì ń mu jáde? Ọlọ́run tó gbé ọ dé ibi tí o ti ń yan ọkọ̀ bí ẹni ń yan ata, Ọlọ́run náà kò ní já ọ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Àmín. Àwa náà wà dáadáa. Kí ni mo ń wí, tiwa kọjá dáadáa, nítorí òní ló pé ọ̀sẹ̀ méje géérégé tí wọ́n so yìgì èmi àti ọkọ mi, Bàbá Gàfárù, kò sì tíì sí òwúrọ̀ kan tí mo jí tí mi ò rẹ́rìn-ín kí n tó rántí ohun tí mò ń rín.

Má bínú pé ìyá rẹ ń sọ irú èyí fún ọ. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni mí, láti ọdún mọ́kànlá tí bàbá rẹ ti kú, ẹ̀rọ ìránṣọ mi nìkan ni mò ń bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀. Ní báyìí, bí mo bá ń ránṣọ, ẹnìkan á bó ọsàn sínú àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á ní kí n má fi omi ọsàn ba aṣọ oníbàárà jẹ́, á wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi í sí mi lẹ́nu. Ọkùnrin tó wakọ̀ fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n láti Òjóò gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ lọ, tí àwọn ọmọ gáréèjì ń bẹ̀rù ohùn rẹ̀, òun náà ló ń bó ọsàn yìí o.

Àwòrán ọkọ̀ mẹ́ta tí o fi ránṣẹ́ dé sórí fóònù mi lọ́jọ́ Ajé, mo sì rí ohun tí o kọ sábẹ́ rẹ̀ pé kí n bá ọ yan ọ̀kan, kí n sì bá ọ kí bàbá yẹn. Bí mo ṣe pẹ́ kí n tó dá ọ lóhùn, Ìyá Nasrullah tó ń gbé ilé kejì sí wa ló fà á. Ó sọ fún mi pé nínú fóònù ìsinsìnyí, ohun tí èèyàn bá ti fi ìka tẹ̀, ó ti rà á nìyẹn, bánkì á ti yọ owó kí èèyàn tó gbé ìka kúrò. Bẹ́ẹ̀ mo ti fi ìka kan èyí pupa, ó sì ti fẹ̀ sí i lójú mi! Mo ní mo ti ra ọkọ̀. Mo rọra gbé fóònù náà sórí tábìlì, láti ìgbà náà ẹyọ ìgbálẹ̀ kan la fi ń nàka sí wọn, a ò sì jẹ́ kí ìgbálẹ̀ náà kan ojú fóònù. Tí bánkì bá ti yọ owó kan lọ́jọ́ Ajé, jọ̀ọ́ sọ fún wọn pé ìka lásán ni, ìyá rẹ kò tíì pinnu.

Èyí pupa la kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ó dára, ó ń dán bí ẹ̀wà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da epo sí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló jókòó sí, ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ á kọ́kọ́ kúnlẹ̀ bí ẹni fẹ́ kí àna. Ọkọ mi bi mí pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dà, mo ka ohun tí wọ́n kọ, mo ní ẹ̀yìn ló wà. Wọ́n ní àwọn ti rí ọkọ̀ tó gbé iṣu, àwọn ti rí èyí tó gbé màlúù, àwọn ò rí èyí tó pọn ẹ́ńjìnnì ara rẹ̀ rí. Wọ́n ní níbo ni ẹrù máa wà? Mo wá a títí, mo rí ihò kan níwájú, àpò ìrẹsì kan ò lè wọ ibẹ̀ àfi tí a bá pín in sí méjì.

Èyí dúdú ní pákó pẹlẹbẹ kan lẹ́yìn. Inú mi dùn, mo ní ẹni tó ṣe ọkọ̀ yìí ní làákàyè, ó mọ̀ pé èèyàn á sá aṣọ. Ọkọ mi ní kì í ṣe fún aṣọ, wọ́n ní ohun tó ń tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ kó má baà fò ni. Hafeez, irú ọkọ̀ wo là ń bẹ̀ kó má fò? Wọ́n tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí èèyàn tó ka ení dé àrún, eré rẹ̀ ti pé ọgọ́rùn-ún. Mo fẹ́ mọ bí ìyẹn ṣe yá tó, mo ní kí ọkọ mi dìde lórí àga, mo ń kà, mo kà á dé àrún, wọn ò tíì nàró tán. Àwọn tó kọ ọ́ tún ní láàárín wákàtí kan ọkọ̀ náà lè rin igba ó lé ogójì kìlómítà. Láti Bódìjà sí ọ̀dọ̀ wa kò tó ọgbọ̀n. Ibo lo fẹ́ kó èyí tó kù sí? Ṣé ẹ̀gbẹ́ ọjà Bódìjà tí àwọn onítòmátì ti gba ojú títì, àbí Òjóò tí àwọn ọkọ̀ àjàgbé ń dúró sí bí ẹni pé wọ́n kọ́ wọn síbẹ̀?

Èyí tó ní àwọ̀ yẹ́lò ló wá yà mí lẹ́nu jù. Aṣọ ni òrùlé rẹ̀! Mo wọ awò ojú mi, mo rí ojú ìránṣọ rẹ̀ kedere, ẹni tó rán an gbìyànjú, ṣùgbọ́n ká ní èmi ni, mo máa tẹ́ aṣọ inú sí i. Àwòrán kejì rẹ̀ fi hàn pé wọ́n ká òrùlé náà sẹ́yìn, ẹni tó wà nínú rẹ̀ wà níta gbangba, tí gbogbo ayé ń rí i.

Ìgbà tí mo wò wọ́n tán ni ìrònú mú mi. Ìyá ìyá mi máa ń sọ fún wa nípa àrokò, pé láyé wọn, tí wọ́n bá fi owó ẹyọ méjì tó kọjú síra ránṣẹ́ sí ọ, ìfẹ́ ni, tí wọ́n bá kọ̀yìn síra, ìjà ti dé, kò sẹ́ni tó la ẹnu, ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí á sì gbọ́. Mo wá ka ìjókòó inú ọkọ̀ pupa, méjì ni. Ti dúdú, méjì. Ti yẹ́lò, méjì. Mo ní háà, ọmọ tí kò wá síbi yìgì ìyá rẹ̀, tó ní iṣẹ́ ò gba òun láyè, tó fi àgbò rọ́pò ara rẹ̀, tó ń pe ọkọ mi ní bàbá yẹn, ló fi ìjókòó méjì ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo ní ó ti yé mi. Ọ̀kan tìrẹ, ọ̀kan tèmi, kí n fi ọkọ mi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí n máa bọ̀. Lọ́jọ́ náà, mo rán apá aṣọ ẹnìkan mọ́ ibi ọrùn.

Ọkọ mi bi mí léèrè títí mo fi sọ. Mo rò pé wọ́n á bínú, àfi bí wọ́n ṣe rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú. Wọ́n ní, Àbẹ̀ḿbí, ọkùnrin ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ń wá ọkọ̀ oníjókòó méjì, o sì rò pé ìyá rẹ̀ ló fẹ́ gbé sí èkejì? Wọ́n ní ṣé ìyá mi lèmi náà ń rò nígbà tí mò ń jókòó níwájú ọkọ̀ àwọn ní Òjóò?

O ò mọ ọ̀rọ̀ yẹn, jẹ́ kí n sọ ọ́. Ọjọ́bọ̀ ni mo máa ń lọ ra òwú àti bọ́tìnì ní Dùgbẹ̀. Tí mo bá padà dé Òjóò, ọkọ̀ wọn á ti kún, ìjókòó iwájú nìkan ló máa ń ṣófo. Ọdún kan gbáko ni mo fi rò pé oríire mi ni. Lọ́jọ́ kan, òjò dá mi dúró ní Dùgbẹ̀, ìgbà tí mo fi máa dé Òjóò ilẹ̀ ti ń ṣú, gbogbo ọkọ̀ ti lọ, àfi tiwọn. Àwọn èrò ti bú wọn pé wọn ò gbéra, wọ́n ti bọ́ sílẹ̀, wọ́n ti wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn. Bàbá Gàfárù dá jókòó sídìí ọkọ̀ tó ṣófo, wọ́n ní ẹ káàbọ̀, ẹ wọlé ká lọ. Hafeez, kì í ṣe pé mo gbàgbé bàbá rẹ. Àyè bàbá rẹ wà nínú mi, kò sì sẹ́ni tó ní kí wọ́n sún.

Nítorí náà, tó bá jẹ́ pé ọmọbìnrin kan wà, orúkọ rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, ọkọ̀ á tẹ̀ lé e. Èmi ti yàn. Èyí yẹ́lò ni. Tí òrùlé rẹ̀ bá ya, mo wà níbí. Ṣùgbọ́n ìdí tí mo fi yàn án gan-an ni pé wọ́n ń sọ ọ́ kiri níbí pé ọmọ mi kò fọwọ́ sí ọkọ tí mo fẹ́. Ìyá Nasrullah ti bi mí lẹ́ẹ̀mẹ́rin pé ìgbà wo lo ń bọ̀, mo sì mọ irú ìbéèrè tó jẹ́. Tí o bá gbé ọkọ̀ náà dé, ká òrùlé sẹ́yìn. Má gbé mi. Ọkọ mi ni kí o gbé sí ìjókòó kejì, kí ẹ̀yin méjèèjì lọ dé Mọ́níyà kí ẹ padà, kí o má sáré, kí àwọn ará àdúgbò rí yín. Ọkọ mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n jókòó tì wọ́n dáadáa, wàá gbọ́. Wọn ò ní kí o pe àwọn ní bàbá. Ìwọ ṣáà kí wọn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Àgbàrá ti gbẹ́ kòtò sí ojúde wa, ọkọ mi sì ní ikùn ọkọ̀ yìí á gbá ilẹ̀ níbẹ̀ ni. Bá wa fi owó yẹ̀pẹ̀ típà kan ránṣẹ́, fi díẹ̀ lé e fún òwú, kí o fún awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá. Má fi sórí fóònù, mi ò tíì mọ ibi tí ìka mi ń ná an sí.

Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Ohun tí o bá fi owó òógùn rà kò ní di ohun ẹkún fún ọ. Ẹni tó máa jókòó tì ọ́, ẹni rere ni yóò jẹ́. Àmín.

Mò ń gbọ́ ìró ọkọ́ níta bí mo ṣe ń kọ èyí. Ọkọ mi ni. Láti ìgbà tí a ti kírun àárọ̀ tán ni wọ́n ti ń bu yẹ̀pẹ̀ ẹ̀yìnkùlé dí kòtò náà, wọn ò dúró de owó, wọn ò sì tíì bi mí pé èwo ni mo yàn. Mo ní kí wọ́n wá sinmi. Wọ́n ní ọmọ ilé lè dé láìsọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àbẹ̀ḿbí.