Àwọn Àlejò Bruno

Marit, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni ìlú ńlá, báwo ni iṣẹ́, báwo ni òtútù tó ń fẹ́ láàárín àwọn ilé gíga yín? Ọlọ́run tó jí mi lónìí ni mo ní kó máa ṣọ́ ọ, kó má jẹ́ kí o yọ̀ ṣubú lórí yìnyín. Ara mi le, àwọn màlúù wà, a ti kó àlìkámà wọlé, orúnkún mi nìkan ló ń dún bí ìlẹ̀kùn àká.

Ọ̀rọ̀ Bruno ajá wa ló mú mi kọ̀wé. O rántí bí ìyá rẹ ṣe máa ń gbé e sínú épúrọ́ọ̀nù nígbà tó wà ní kékeré, àti bó ṣe máa ń sìn ọ́ dé ibi tí bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ti ń gbé ọ, tí yóò jókòó síbi géètì títí o fi máa dé. Irun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣàdédé ń re, orí ọmú rẹ̀ wú bí ti abo ajá tó ń fọ́mọ lọ́mú. Lẹ́yìn náà ni ajá Arne, aládùúgbò wa, bẹ̀rẹ̀ sí í wá ní àràárọ̀, ajá méjì ti pásítọ̀ náà tẹ̀ lé e, akọ ni gbogbo wọn, wọ́n á máa gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn káàkiri. Mo ní ẹ ò rí i, àgbà dára, gbogbo akọ abúlé ló ń wá kí baba wọn. Inú mi dùn débi pé mo ń fi egungun ṣe wọ́n lálejò. Arne kàn ń rẹ́rìn-ín, kò sọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín.

Ìwọ náà mọ̀ pé ní ìgbà ìrúwé, èmi fúnra mi ni mo ń fi ọ̀bẹ tẹ àwọn akọ ọmọ màlúù lọ́dàá, ṣùgbọ́n níhìn-ín kò sẹ́ni tó ń tẹ ajá tó ń da màlúù, wọ́n ní ọkàn rẹ̀ á rọ̀. Ìyá rẹ ní ká tẹ̀ ẹ́, nítorí pé ẹpọ̀n kan ṣoṣo ló sọ̀ kalẹ̀. Mo kọ etí ikún, mo ní èkejì ń sinmi nínú ni. Àṣé èyí tó ń sinmi yẹn ló ti di kókó. Dókítà Colleen tó ń tọ́jú ẹran ní oje abo ni kókó náà ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, òórùn abo ló wá ń jáde lára rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, wọn ò wá kí i o, ọkọ ni wọ́n wá ṣe." Ojú tì mí, pàápàá nítorí egungun mi.

Ó fi nǹkan pa ikùn Bruno, ó tan tẹlifíṣàn kékeré kan, ìkùukùu ló kún inú rẹ̀ bíi ti àwọn tó ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí, mo sì bi í bóyá òjò máa rọ̀ kí koríko tí mo gé tó gbẹ. Ó ní ìkùukùu yẹn gan-an ni kókó náà, pé òun máa kùn ún lóorun láti gé e kúrò, àmọ́ bó bá ti ràn dé ibòmíì, á dára kí Bruno má jí mọ́. Mo lọ jókòó sínú ọkọ̀ mi níta, mo sunkún. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti lọ, ẹsẹ̀ ajá yẹn nìkan ni mo ń gbọ́ nínú ilé.

Ó jí o, Marit. Kò tíì ràn. Wọ́n fi ike kan sí i lọ́rùn, ó fẹ̀ bí àwo tí wọ́n fi ń gba tẹlifíṣàn lórí òrùlé, mo sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé torí etí rẹ̀ tó ti ń di ni. Nígbà tí o pè lọ́jọ́ Sunday, tí o ń ní kí ló dé tí Bàbá ò dáhùn, ẹnu ike yẹn ni mo gbé fóònù sí. Bruno lò ń bá sọ̀rọ̀. Ìrù rẹ̀ ń gbá ilẹ̀ títí o fi parí. Dókítà ní kó má baà lá ojú ọgbẹ́ ni ike náà wà fún, mo ní kò mọ gbogbo iṣẹ́ rẹ̀.

Jọ̀ọ́, bá mi wá díẹ̀ kún owó dókítà. Arne ní o lè fi í ránṣẹ́ nínú fóònù, má ṣe é, ojú fóònù tèmi ti sán, owó lè jò dànù. Fi í sínú àpòòwé. Bí o bá lè mú un wá fúnra rẹ, màá yan lefse, àkàrà ọ̀dùnkún pẹlẹbẹ yẹn, bí ìyá rẹ ṣe ń yan án, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tèmi máa ń jóná.

Irun Bruno ti ń hù. Àwọn àlejò rẹ̀ ò wá mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń lọ jókòó síbi géètì ní àràárọ̀. Mo rò pé àwọn ló ń retí, àfi ìgbà tí bọ́ọ̀sì ilé-ìwé kọjá lánàá tó dìde dúró.

Ọlọ́run á mú ọ̀nà rẹ tọ́, kò ní jẹ́ kí o ṣìnà ilé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Halvor.