Ìlú Tí Ẹ Gé sí Márùn-ún

Mùbàṣírù, ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara Bàṣírù àbúrò mi tó gbà ọ́ sílé l'Ékòó le? Àwa náà ń bẹ n'Íjẹ̀bú-Igbó níbí, a dúpẹ́. Kí Ọlọ́run má fi ọ́ lé òyìnbó lọ́wọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ewúrẹ́ ìyá rẹ ti bímọ, òjò sì ti wó ògiri ẹ̀yìnkùlé.

Lẹ́tà rẹ dé. Ọláfẹ́mi, tíṣà onígbàgbọ́ tó ń bá mi kọ èyí, ló kà á fún wa, láti ìgbà náà ni orí mi ti dàrú. O ní tíṣà yín ní kí ẹ gé Kọnsitantinópù, pé ẹ gé e sí ègé márùn-ún, kọn, sitan, ti, nó, pù, ẹ wá di ẹrù lé ègé kẹrin lórí, ẹni tó bá sì gbé ẹrù náà síbòmíràn yóò jẹgba. Mo bi Àfáà Rùfáì pé kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ìlú ni, ìlú tí ọba ńlá àwa Ìmàle ń gbé. Háà! Kí ni ọba náà ṣe fún yín? Ìbọn tí àwọn òyìnbó yìn ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú lọ́jọ́sí kò tó wọn ni? Ọláfẹ́mi ní orúkọ ìlú lásán ni ẹ gé, pé ẹrù náà kì í ṣe ẹrù, ohùn ni. Ṣé ohùn náà ń wúwo ni?

Èyí tó ká mi lára jù ni pé àwọn òyìnbó iléèwé yín fẹ́ rì ọ́ bọmi, kí wọ́n sọ ọ́ di Nàtáníẹ́lì. O ní o kò fẹ́, ṣùgbọ́n o kò mọ bí ènìyàn ṣe ń kọ̀ fún òyìnbó. Mo wá bi Ọláfẹ́mi ní ìtumọ̀ àwọn ègé náà. Ó ní ìkẹrin nìkan ló ní láárí, pé nó ni òyìnbó ń wí bí kò bá gbà.

Ọmọ mi, ó ti wà lẹ́nu rẹ tẹ́lẹ̀! Tí wọ́n bá mú ọ dé etí omi, fi mẹ́rin yòókù sílẹ̀ fún wọn. Mú ìkẹrin, kí o di gbogbo ẹrù lé e.

Ìyá rẹ ní kí o bẹ Bàṣírù kó fi owó iyọ̀ ránṣẹ́. Ọlọ́run yóò dá ọ padà sílé tòun ti orúkọ tí mo sọ ọ́.

Ọláfẹ́mi gbé kálàmù sílẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ omi yẹn, ó pẹ́ kó tó tún gbé e. Èmi ò mọ̀wé, n kò mọ ohun tó kọ. Bí o bá rí NÓ nínú ìwé yìí, olóòótọ́ ni, bá mi kí i.

Èmi bàbá rẹ,
Sàláwù